Bí mo ṣe ya inú ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi kí wọ́n tó yọ fèrèsé rẹ̀

Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá ni ìyá mi pè mí pé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún òun ti fẹnu kò. Fèrèsé onípákó máa kúrò, alumíníọ̀mù ló máa rọ́pò wọn. Wọ́n á fi POP bo àjà. Wọ́n á kó bẹ́ǹṣì tí àwọn bàbá wa jókòó lé jáde, àga oníke á sì wọlé. Mi ò lè bá wọn jà, torí òjò ń jò sí àwọn àgbà lórí lóòótọ́. Mo kàn sọ fún un pé kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìṣó kan, màá ya inú ilé yẹn sórí fíìmù dúdú-àti-funfun, màá fọ̀ ọ́, màá sì tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Gbogbo ayé ló mọ Katidírà Pétérù Mímọ́ ní Aké. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, ó padà wá tẹ̀dó ní 1846, wọ́n sì parí ilé ńlá tó wà ní Aké lónìí ní 1898. Ìyẹn kò ṣaláìní fọ́tò, ojoojúmọ́ ni àlejò ń yà á. Àwọn kéékèèké tó wà káàkiri àdúgbò ló ń ká mi lára. Fọ́tò ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ní, gbogbo ènìyàn á tò síwájú pẹpẹ, wọ́n á bo ògiri mọ́lẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ fi fóònù yà á wò. Fóònù mú kí gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà, bẹ́ẹ̀ inú ilé yẹn kò mọ́lẹ̀ bákan náà rí. Tí o bá wọlé láti inú oòrùn, o ní láti dúró díẹ̀ kí o tó rí ẹni tó jókòó lábẹ́ gálárì. Òkùnkùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ yà.

Àárọ̀ Sátidé ni mo lọ, aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó kan fèrèsé ìlà-oòrùn. Bàbá Alágogo ti ṣílẹ̀kùn, ó ń gbálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìyá ẹ ti sọ fún mi. Ṣé kí n jáde ni?"

"Rárá, bàbá, ẹ máa gbálẹ̀ yín."

Mo gbé Pentax K1000 mi lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo so okùn tí a fi ń tẹ ṣọ́tà mọ́ ọn kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n ọ́n. Mo ní kí bàbá bá mi pa fáànù. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà náà kò tilẹ̀ mira, ibẹ̀ ti ṣókùnkùn jù fún un, nítorí náà ohun ìwọ̀nmọ́lẹ̀ tó wà lórí fóònù mi ni mo lò. Mi ò kọjú rẹ̀ sí fèrèsé o. Abẹ́ gálárì, lára bẹ́ǹṣì tó dúdú jù tí mo ṣì fẹ́ rí igi rẹ̀, ni mo kọjú rẹ̀ sí. Pẹ̀lú ojú lẹ́ǹsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ní 11, ó sọ pé kí n ṣí ṣọ́tà fún sẹ́kọ́ńdì 32. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwọ̀nmọ́lẹ̀ bá rí ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Tí mo bá gbọ́ tirẹ̀, bẹ́ǹṣì dúdú á di bẹ́ǹṣì eléérú. Mo dín in kù lẹ́ẹ̀mejì sí ìdajì: 16, lẹ́yìn náà 8.

Sẹ́kọ́ńdì 8 yẹn náà kò tó. Fíìmù HP5 Plus tí mo lò a máa rẹ̀wẹ̀sì tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí àkókò bá gùn. Ilford tó ń ṣe é ní ìṣirò fún un, tó sọ 8 di 15. Mo tẹ ṣọ́tà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bàbá gbálẹ̀ kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ó dúró lẹ́ẹ̀kan síwájú pẹpẹ kó tó máa lọ. Mo ya mẹ́ta irú rẹ̀, mo yípo lọ sí ìdí òkúta mábù ara ògiri tí wọ́n kọ orúkọ sí, sí àga ìwàásù, sí pátákó nọ́ńbà orin tí orin Sunday tó kọjá ṣì kọ́ lé lórí. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ, oòrùn ti wọlé tààrà, mo ká ẹrù mi.

Fíìmù fífọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kàgbákò ní ilẹ̀ wa, omi ló sì ń fà á. Àwọn ìwé tó wá pẹ̀lú oògùn ń sọ̀rọ̀ omi tó wà ní 20 lórí tẹmómítà. Omi tánkì wa kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 27 lọ. Lọ́dún tó kọjá mo fọ fíìmù kan nínú omi bẹ́ẹ̀ láì dín àkókò rẹ̀ kù, gbogbo fèrèsé inú rẹ̀ di ọ̀dà dúdú lórí nẹ́gátíìfù, níbi tí ohun tó mọ́lẹ̀ ti ń di dúdú, kò sí bébà tó lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dùn mí títí di òní, nítorí wọ́n ti wó ilé tí mo yà yẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ra píọ́ wọ́tà mẹ́fà tó ti dì gbagidi lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìtòkú, mo tò wọ́n sínú ọ̀pọ́n, mo sì gbé ìgò oògùn gbogbo sí àárín wọn. Kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan o. Tí dẹ́fẹ́lọ́pà, oògùn tó ń mú àwòrán yọ, bá tutù tí omi ìṣan sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, awọ fíìmù lè sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Dẹ́fẹ́lọ́pà ID-11 tí mo fi omi là ní ìdajì-ìdajì máa ń gba ìṣẹ́jú 13. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo fún un, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé má baà ki jù. Fún ìṣan, mo rọ omi sínú ìkòkò rẹ̀, mo yí i dorí kodò nígbà márùn-ún, mo dà á nù; omi tuntun, nígbà mẹ́wàá; omi tuntun, nígbà ogún. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń fowó ra omi tánkì á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí.

Inú dáákúrúùmù bàbá onífọ́tò kan ni mo ti tẹ̀ ẹ́, iyàrá tóóró lábẹ́ àtẹ̀gùn, iná pupa kan, ẹnlájà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán inú fíìmù sórí bébà ní ńlá, tó ti dàgbà jù mí lọ. Bàbá kìlọ̀ fún mi pé tí iná bá lọ, kí n má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ kí n wá máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Gílóòbù ẹnlájà kì í mọ́lẹ̀ bákan náà lórí méjèèjì. Òótọ́ ni. Bébà àkọ́kọ́ tí mo fi jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìṣáájú bí ọ̀sán àti òru.

Sẹ́kọ́ńdì 12 ló tó fún bẹ́ǹṣì àti ògiri, ṣùgbọ́n fèrèsé wá funfun láúláú. Mo gbẹ́ ihò kan sára páálí, mo gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnlájà, mo pààrọ̀ fílítà sí 00 tó rọ̀ jù, èyí tí kì í jẹ́ kí dúdú àti funfun jìnnà síra, mo fún fèrèsé nìkan ní sẹ́kọ́ńdì 36 sí i. Mò ń mi páálí náà díẹ̀díẹ̀ kí etí rẹ̀ má baà hàn. Fún òkúta mábù, mo fi páálí bíńtín tó wà lórí wáyà bò ó fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta nínú 12 yẹn.

Nígbà tí mo rì í sínú oògùn, òjìji àga ìwàásù ló kọ́kọ́ yọ. Bẹ́ǹṣì tẹ̀ lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nọ́ńbà orin yọ. Lábẹ́ gálárì, mo rí igi bẹ́ǹṣì, àní mo rí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti fi dán etí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni fèrèsé wá, pákó rẹ̀ ní ìbú ní òró, àti ewé igi máńgòrò níta. Bàbá Alágogo tó ń gbálẹ̀ kiri kò hàn níbì kankan, àyàfi síwájú pẹpẹ níbi tó ti dúró: nǹkan funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí o lè rí ògiri gba inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn dúdú tó kú pátápátá, pé ó ń fún fọ́tò lágbára. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ilé tí ènìyàn ti jọ́sìn. Ẹnì kan jókòó nínú òkùnkùn yẹn lọ́jọ́ Sunday.

Mo gbé èyí tó dára jù lọ fún Bàbá Alágogo. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yọ awò rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó wá fi ìka lé orúkọ tó wà lára òkúta mábù, ó kà á sókè. Bàbá bàbá rẹ̀ ni. Ó ní kí n tẹ òmíràn fún ọmọ òun tó wà ní Ìbàdàn. Àwọn oníṣẹ́ ti kó igi àtẹ̀gùn wọn wá sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, nítorí náà lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀, màá padà lọ ya apá òsì.