Àṣìṣe Tí Ẹ Ń Ṣe Nídìí Akoto Ọ̀kadà, Ó Ti Sú Mi

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ dìsípáàṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Ó gbé akoto kan tó ń dán yanran dání, ó ní kí n bá òun wá gíláàsì rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ inú akoto náà, ike ni àtàǹpàkò mi lọ bá. Mo bi í ní iye tó rà á. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo ní kó jókòó ná. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, nítorí ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Èkíní: dídán lẹ ń rà, ẹ kì í ra fóòmù. Ìta akoto, ìbáà ṣe ike, ìbáà ṣe fáíbà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí nǹkan ṣóńṣó má wọlé, kí agbára ìkọlù sì tàn káàkiri. Ohun tó ń gba orí là gan-an ni fóòmù funfun líle tó wà lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí. Bí orí bá gbá ilẹ̀, fóòmù yẹn á rún, rírún tó rún yẹn ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ dúró gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Tìmùtìmù rírọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí aṣọ inú rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: fóòmù tó dáa máa ń nípọn tó nǹkan bí íǹṣì kan. Kẹ́ ẹ gbé e wọ̀n lọ́wọ́ pẹ̀lú. Èyí tí kò bá tó ààbọ̀ kílò, fìlà lẹ rà.

Èkejì ni sítíkà. Ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí o.

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn akoto ló máa kọ́kọ́ yí wò, bóyá "DOT", àmì òfin akoto ti Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Bó bá ti rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ń ta sítíkà yẹn! Ẹnì kan gbé e wá bá mi rí, ó ká a bíi tépù, ó ní kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà mi kó lè tètè tà. Mo lé e jáde. Nígbà tó ṣe, mo sáré pè é padà, mo ra méjì, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ike ìwẹ̀ mi. Bí oníbàárà bá ti ń bá mi jiyàn, ike yẹn ni mo máa ń gbé jáde.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni òfin tó wà nídìí DOT, FMVSS 218 ni wọ́n ń pè é. Ìjọba kọ́ ló ń yẹ akoto wò kó tó dé ọjà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tẹ̀ lé òfin. Lẹ́yìn náà ni ìjọba máa ń mú díẹ̀ lọ́jà láti dán wọn wò. Èyí tí kò wá dé Amẹ́ríkà rí, ta ni yóò dán an wò? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2013, òfin náà ní kí orúkọ ẹni tó ṣe akoto àti irú akoto tó jẹ́ wà lára àkọlé yẹn, pẹ̀lú "DOT", "FMVSS No. 218" àti "CERTIFIED". Èyí tó bá jẹ́ DOT lásán, ọ̀ṣọ́ ni.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 2015, mo ra ọ̀kan tó pupa fòò, DOT rẹ̀ ń tàn bíi góòlù. Òjò ló mú mi yọ̀ ṣubú lọ́nà Ìwó Road, mi ò tilẹ̀ sáré. Akoto náà là sí méjì bí obì gbànja. Sítíkà rẹ̀ kò ya. Àpá ojú mi ọ̀tún wà níbẹ̀ di òní.

ECE 22 ni èmi máa ń wá, àmì òfin akoto ti Yúróòpù. Aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ ó rí E nínú òbíríkítí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. 06 ló tuntun jù, òun ló fi ìdánwò ìkọlù tó ń yí orí bírí kún tàtijọ́. Bí lẹ́tà tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ P, ibi tó bo àgbọ̀n lára akoto náà lè dáàbò bo àgbọ̀n yín. NP bò ó, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bò ó. J kò bo àgbọ̀n rárá. Wọ́n lè ṣe ayédèrú èyí náà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tó fẹ́ ṣe é á ní láti wá abẹ́rẹ́ àti òwú.

Ẹ̀kẹta ni bí ẹ ṣe ń lò ó. Àìde okùn: akoto á fò lọ, orí á wá dá gbá ilẹ̀.

Gíláàsì dúdú lálẹ́: rárá.

Fífi akoto kọ́ apá títí ẹ ó fi rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó: ìgbọ̀nwọ́ kò ní ọpọlọ.

Ẹ̀kẹrin, tokunbọ̀. Fóòmù tó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í wú padà, ìta sì lè má fi hàn rárá. Ẹni tó tà á fún yín á ti kùn ún, á ti bá yín fọ aṣọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn ọ̀dà tútù lára akoto tí wọ́n ní ó ti Jámánì dé, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un. Tuntun tó bá já bọ́ lófìfo láti orí ọ̀kadà tó dúró kì í sábà bàjẹ́; èyí tí orí wà nínú rẹ̀ nígbà tó gbá ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ nù.

Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí tínà fọ ike rẹ̀. Èmi gan-an fọ tèmi bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ń fi yangàn pé ó mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọṣẹ àti omi ti tó.

Ti èrò ẹ̀yìn ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú wa dé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan ń de igbá mọ́rí, àwọn kan ń dé ìkòkò. Ti àwọn kọ́lékọ́lé lèmi dé, mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé a ti fi oògùn sínú tiwa, pé ẹni tó bá dé e á pòórá. Lónìí, lápálápá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì onílọ́ọ̀nù dání kẹ́ ẹ máa fún wọn. Ṣùgbọ́n kí èrò tó gun ọ̀kadà, ẹ gbá akoto orí rẹ̀ mú kẹ́ ẹ mì í: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá bá akoto rìn, ó ti tóbi jù.

Ọmọkùnrin yẹn bi mí pé kí wá ni òun ó fi akoto òun ṣe. Mo ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀ kó máa fi bu gàrí. Ó ní ìyá òun ní igbá. Ó mú òmíràn tó ní 06 lókùn, ó san ìdajì, ó ní òun á mú ìyókù wá ní Sátidé. Sátidé méjì ti kọjá.