Kí ẹ tó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí ariwo

Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí mo ti rí tí wọ́n sọ kalẹ̀ ní Òṣogbo níbí, ti kòròpé àti ti ọkọ̀ àdáni tó ti pẹ́, kò lẹ́bi kankan. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á ra tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n á sanwó iṣẹ́, ariwo ò sì ní lọ.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tó tẹ́jú, tó sì dákẹ́. Ẹ̀bá títì Ọláìyá kọ́ nìyẹn. Àdúgbò inú lọ́hùn-ún ni, láàárọ̀ kùtù. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi gíá sí fíríì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe nìyí, ẹ fara balẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, ẹ tẹ́tí. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ẹ tún tẹ́tí. Bí ariwo bá ń dún tẹ́lẹ̀, tó dákẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, bẹ́rìn tó di ṣáàfù (ọ̀pá irin) iwájú gíábọ́ọ̀sì mú ló ń ké. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, rilíìsì bẹ́rìn, èyí tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ni kí ẹ fura sí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti tẹ̀ ẹ́ o! Ìdajì ló ń mú kí èèyàn dá gíábọ́ọ̀sì lẹ́bi. Mi ò kì í dá a ṣe: ẹnì kan á máa tẹ̀, èmi á gbé ẹnu sukuduráfà gígùn lé ara gíábọ́ọ̀sì, màá fi etí sí ìdí rẹ̀. Ẹ jìnnà sí fáànù o.

Ó ku rífáàsì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ tó fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, rífáàsì kò ní sínkíró (òrùka idẹ tó ń mú kí gíá wọlé jẹ́ẹ́), nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Bó bá ṣì ń ha kẹrẹrẹ lẹ́yìn tí ẹ ti dúró, kílọ́ọ̀ṣì kò tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tán: ẹ wo omi rẹ̀, mástà tó ń ti omi náà àti kébù (okùn irin rẹ̀), kẹ́ ẹ bílíìdì ẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tú afẹ́fẹ́ inú omi náà jáde. Bó bá jẹ́ gíá kan ṣoṣo ló ń ha, pàápàá gíá 2, sínkíró rẹ̀ ló ti jẹ.

Bí ariwo bá ń bá yín lọ lójú ọ̀nà títẹ́jú, tí kò yí padà kódà nígbà tí ẹ fi í sí fíríì, ẹ yẹ bẹ́rìn táyà wò ná.

Yíyẹ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì wò kò le. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan. Nọ́ọ̀tì òkè, ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bó bá kọ̀ tí ọ́ìlì sì ti dànù nísàlẹ̀, ibo lẹ fẹ́ bu òmíràn gbà? Ike bọ́tà funfun ni mo fi ń gbe ọ́ìlì, mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà tó bàjẹ́ ni mo fi ń rò ó. Ẹrẹ̀ eérú tó fẹ́lẹ́ kò burú. Irin wẹ́wẹ́ tó ní igun, eyín gíá ni. Ohun tó ń dán bí idẹ, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò fà, sínkíró ni. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní GL-4 (irú ọ́ìlì gíá kan), ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta GL-5 fún yín. Ó lè jẹ idẹ inú rẹ̀.

Bó bá wá di dandan kí gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ rilíìsì bẹ́rìn àti pálétì kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, kódà bí wọ́n bá ṣì ń ṣe dáadáa. Owó ìsọ̀kalẹ̀ kan náà ni ẹ máa san.