Bí a ṣe ń gbá Shanghai láì há sójú ọ̀nà

Géèmù tí Activision gbé jáde ní 1986 ni Shanghai. Ọmọ ayò 144 tó ní àwòrán lára ni kọ̀ǹpútà máa tò bí ahun, ní ìpele márùn-ún: 87 nísàlẹ̀, 36 lé e, lẹ́yìn náà 16, 4, àti ẹyọ kan ṣoṣo lórí téńté. Ẹ wá méjì tó bára mu, ẹ tẹ̀ wọ́n, wọ́n á pòórá. Èyí tí nǹkan bá wà lórí rẹ̀ kò ṣeé mú, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bá dí. Ẹ má wá àwòrán òdòdó méjì tó jọra, kò sí. Òdòdó yòówù bá òdòdó lọ, àwòrán ìgbà ọdún náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á rí méjì tó jọra, ọwọ́ á ti débẹ̀. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń yangàn pé òun ti kó ọgọ́rùn-ún, kò pẹ́ tó fi há. Yàtọ̀ sí òdòdó àti ìgbà ọdún, mẹ́rin mẹ́rin ni àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà ní gbangba, ẹ kó gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ dúró! Ẹ̀kẹrin lè wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá fi ìyẹn sílẹ̀, tí ẹ mú méjì yòókù, ó ti parí: ẹ̀kẹta ń dúró de ẹ̀kẹrin, ó sì jókòó lé e lórí. Èyí tó dí ọ̀nà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí méjì péré ló hàn, tí mímú wọn kò sì ṣí nǹkan kan, èmi kì í fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹyọ orí téńté dí mẹ́rin. Ẹyọ kan lápá òsì àti méjì lápá ọ̀tún ló dí ìlà gígùn méjì àárín. Ẹ tètè wá ẹnìkejì wọn.

Máòsì ni mo fẹ́ràn. Lórí fóònù, ìka máa ń bo etí ìpele. Bébà àti bírò tó fún kíka èyí tó ti lọ. Brodie Lockard tó ṣe géèmù yìí, ọ̀pá tó fi ẹnu dì mú ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, nítorí ara rẹ̀ ti rọ. Kí ni ẹ̀yin wá ń sáré fún?

Kì í ṣe gbogbo títò ló ní ojútùú. Bí ẹ bá há, ẹ dá ọmọ bíi mẹ́wàá padà kí ẹ tó tò tuntun.