Fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú kan: bí mo ṣe ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lahùn

Bí ẹ bá ṣí gúrúùpù WhatsApp fún kíláàsì yín, ẹ kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ wọ sẹ́tíńgì, ẹ ṣe é kó jẹ́ ádímíìnì nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ìyà ló kọ́ mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣí ọ̀kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìró èdè Yorùbá, mo sùn, mo jí, mẹ́séèjì ti lé ní 400: ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń wá yàrá, àdúrà àárọ̀, àti ọmọ kan láàárín wọn tó ń bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kíláàsì wà lónìí?” Àdúrà ti bò ó mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n ní tiwọn lọ́tọ̀, kí aṣojú kíláàsì máa bójú tó o. Ẹ má wọ ibẹ̀ o. Bí olùkọ́ bá ti yọjú, eré parí nìyẹn.

Tiyín, ẹ máa ṣí i fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Aago 8 sí 9 alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni tèmi. Mo máa ń ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, bí “igba”. Kí kálukú fi ṣe gbólóhùn, kó sọ ọ́ sínú fóìsì nóòtì, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má fi fídíò gígùn dì wọ́n lẹ́rù. Owó oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra détà. (Ẹni tó bá wù láti kọ ọ́ sílẹ̀, kó gbé èdè Yorùbá sórí Gboard, á rí àmì tẹ̀.)

Lálẹ́ ọjọ́ “igba” yẹn, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ló sọ pé: “Igba ìgbá ni ìyá mi kó sínú igbá nígbà òjò.” Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ igba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan ti inú “nígbà”, ló dún bó ṣe yẹ. Kí n tó yìn ín, ọmọ Èkìtì kan ti ní “ugbá” ni wọ́n ń pe igbá nílé àwọn. Ìjà èdè bẹ̀rẹ̀. Aago 9 kọjá, mi ò lè ti gúrúùpù.

Ní ti ìbéèrè oníbò, ẹ lo Telegram. Lórí WhatsApp, orúkọ ẹni tó dìbò máa ń hàn. Mo bi wọ́n pé sílébù mélòó ló wà nínú “pańla”. Ọmọ tó mọ̀wé jù tẹ 2, gbogbo wọn bá tẹ 2. Àṣé 3 ni: pa-ń-la. Ti Telegram ṣeé ṣe láìfi orúkọ hàn. Ẹ yan irú èyí tó jẹ́ ìdánwò, ẹ tọ́ka sí ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹ sì kọ àlàyé díẹ̀ sí i. Kálukú á tẹ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ má fún iṣẹ́ orí fóònù yìí ní máàkì. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ṣì lọ́wọ́ àwọn kan. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìbéèrè ní kọ̀rọ̀ lóru, inú gúrúùpù ni kí ẹ ti dáhùn, lójú gbogbo ayé.

Ní Wẹ́sìdeè, mo máa ń gbé sípíkà kékeré lọ sí kíláàsì, màá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn, màá tan án fún gbogbo wọn. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ló wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, tó fi àmì sórí igba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.