Ìrírí mi: iná ojú pópó tí ìròyìn méyọ̀ sọ pé ó ti ń tàn

Ìlà kan ṣoṣo nínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí méyọ̀ ìlú wa máa ń fi síta lórí ètò ìlú àti ààbò àdúgbò ló gbé mi dìde. Ìlà náà sọ pé iṣẹ́ ti parí lórí gbogbo iná ojú pópó tí àwọn aráàlú kọ̀wé nípa wọn ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó sì dárúkọ òpópónà tiwa pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, iná mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra láti oríta títí dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de ọkọ̀ dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wọn tó ìjọba létí. Mo lè fara da òkùnkùn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni kí wọ́n kó òkùnkùn wa mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì fi yangàn létí gbogbo ìlú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ìròyìn náà. Mo máa ń kà á dáadáa, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ títì tí wọ́n fẹ́ dí, àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò ní yọ, ibi tí àwọn olè ti ń já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn, àti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ọ́ fẹ́ràn iye ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá New York ti gbé ètò CompStat kalẹ̀ ní ọdún 1994, tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú àwọn aláṣẹ láti ṣàlàyé iye ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ wọn, ni ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé ti ń fi iye wọn iṣẹ́ ìjọba. Kò burú, bí a bá mọ ohun tí wọ́n ń kà. Bí méyọ̀ bá sọ pé olè jíjà ti dín kù ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní àdúgbò kékeré kan, ó lè jẹ́ pé ohun tó jẹ́ 4 tẹ́lẹ̀ ló di 2, ọ̀sẹ̀ burúkú kan péré sì lè dá a padà sí bó ṣe wà. Bí ó bá sì fi ìlú wa wé ìlú mìíràn tó tóbi jù wá lọ láìṣírò iye náà sórí èèyàn 100,000, àfiwé náà kò wúlò fún nǹkan kan. Mo ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bákan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú iná ojú pópó.

Mi ò ní fi bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú foọ̀mù ìjọba dá yín dúró. Orúkọ, àdírẹ́sì, àlàyé díẹ̀, fọ́tò, ó parí. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí mo lè fi tọpa ọ̀rọ̀ náà, mo sì lọ jókòó sílé mi.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Nígbà tí mo tún wo nọ́ńbà náà, wọ́n ti kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, pẹ̀lú àkíyèsí kúkúrú kan: “A dé ibẹ̀, a kò rí àbùkù kankan.” Mo rò pé wọ́n ṣi ojúlé gbé ni, mo sì fẹ́ ṣí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò ṣeé ṣí. Ètò wọn kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti jí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti pa dé. Àfi kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti òdo. Mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n tún pa á. Mo tún kọ òmíràn, àkíyèsí kan náà ni mo sì tún bá níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ìwé wọn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìṣòro kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá kọ̀wé, tí wọ́n sì pa á dé láìṣe ohunkóhun, iṣẹ́ àṣeparí kan ń kún iye tí ọ́fíìsì náà ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ìròyìn méyọ̀. Bí mo ṣe ń ráhùn tó ni iye wọn ń dára tó. Ká ní gbogbo ará òpópónà wa ti dara pọ̀ mọ́ mi láti máa kún foọ̀mù lálaalẹ́, méyọ̀ ì bá ti kéde pé ọdún yìí ni iná ojú pópó tíì dára jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó.

Mo wá gbé fóònù. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ní ohùn pẹ̀lẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ má bínú, òpó yẹn kì í ṣe tiwa, ti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni.” Mo pe ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Wọ́n ní òpó ni tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n so mọ́ ọn jẹ́ ti ìlú, àwọn kò sì láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Mo padà sọ́dọ̀ ìlú. Òṣìṣẹ́ mìíràn ní kí n lọ bá àjọ tó ń bójú tó títì, torí pé òpópónà náà gba ọkọ̀ ńlá kọjá, ó sì lè má sí lábẹ́ ìlú rárá. Àjọ títì ní títì nìkan ni àwọn mọ̀, àwọn ò mọ̀ nípa ohun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń ti mi síra wọn bí bọ́ọ̀lù. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ṣàlàyé fún mi, ni pé òpó, iná orí rẹ̀, wáyà tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ àti títì fúnra rẹ̀ lè ní oní-ǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti parí ti òun.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó jìn, bàbá àgbàlagbà kan sì ti fẹsẹ̀ kọ etí gọ́tà nínú òkùnkùn, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà ń jáde déédéé. Ọ̀kan nínú wọn gba gbogbo wa nímọ̀ràn pé kí a máa rìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà.

Ẹni tó tú u fún mi ni aládùúgbò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà. Ó wo òpópónà náà lókè lódò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù mẹ́rin kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Wáyà wọn ni kí ẹ wá.” Ó ṣàlàyé pé bí iná kan ṣoṣo bá ń tàn tó ń kú, tó tún ń tàn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn, gílóòbù rẹ̀ ti gbó, bí iná bá ń tàn lọ́sàn-án gangan, ohun tó ń fi ojú ọjọ́ mọ̀gbà tó yẹ kó tàn ló bà jẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ kan bá kú lápapọ̀, a jẹ́ pé wáyà abẹ́ ilẹ̀, fíúsì, tàbí àpótí tó ń pín iná fún gbogbo wọn ni kí a yẹ̀ wò. Nígbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí wọn kò fi rí àbùkù kankan. Ọ̀sán ni àwọn tí wọ́n rán wá máa ń dé, nígbà tí kò sí iná ojú pópó kankan tó yẹ kó máa tàn. Iṣẹ́ gílóòbù nìkan sì ni wọ́n gbé fún wọn, torí pé mo ti kọ nínú foọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí foọ̀mù náà ṣe ní kí n kọ, pé “iná kò tàn”. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹyọ kan ni tàbí ọ̀wọ́. Ẹni tó ń ṣe gílóòbù kì í walẹ̀.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí ọ́fíìsì kan ti ṣe kí n tó dé ibẹ̀ rárá. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lára òpó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí pé àdírẹ́sì ilé máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí òpó tó sún mọ́ ilé náà lórí àwòrán ilẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ́ èyí tó ń tàn dáadáa. Mo ya fọ́tò wọn lálẹ́, tí ọ̀kan tó ń tàn sì hàn lẹ́yìn wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀sán ni. Mo béèrè ìbéèrè kan tó ṣe mí láǹfààní ju gbogbo ìyókù lọ: ta ló ń san owó mọ̀nàmọ́ná tí àwọn iná wọ̀nyí ń lò? Ìdáhùn rẹ̀ kò gba àríyànjiyàn. Ìlú ló ń san án. Ìlú ló ni iná àti wáyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lo òfin ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìjọba, irú òfin tí Sweden ti ní láti ọdún 1766, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ní nísinsìnyí. Mi ò béèrè ohun tó pọ̀. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí, nínú gbogbo iná tí ìròyìn náà kà mọ́ àwọn tí iṣẹ́ ti parí lórí wọn, èyí tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ tún ṣe, èyí tí wọ́n tì sí àjọ mìíràn, èyí tí wọ́n sọ pé kò ní àbùkù, àti èyí tó jẹ́ àtúnkọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìdáhùn náà pẹ́, ó sì dé pẹ̀lú lẹ́tà tí èdè rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí mo fura sí: gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n kó sójú kan.

Ìyẹn ni mo fi kọ̀wé sí méyọ̀, tí mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ, mo sì fi í yangàn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ inú ìròyìn rẹ̀ ka iwájú, mo to nọ́ńbà òpó àti fọ́tò tẹ̀ lé e, mo sì fi àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo rán an létí pé ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi ìbò yan àwọn ilé ìjọba ní New York tí wọ́n sì gbé iná ńlá síbẹ̀, àwọn ìwà ọ̀daràn tó lágbára tí ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, tó fi jẹ́ pé iná tí kò tàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìròyìn ààbò. Mo tún dábàá pé kí wọ́n ṣe bíi ti FixMyStreet, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn aráàlú fi ń fi ìṣòro òpópónà wọn tó ìjọba létí, tí ẹgbẹ́ mySociety gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2007, tó máa ń kọ̀wé sí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti bi í bóyá wọ́n ti tún nǹkan náà ṣe ní tòótọ́.

Àwọn tó ń walẹ̀ dé. Ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni omi ti wọ̀, ó sì ti jóná. Wọ́n gé e, wọ́n so tuntun, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tàn. Gbogbo ohun tó gba àkókò tó bẹ́ẹ̀ kò gba wọn ju òwúrọ̀ kan lọ. Ìròyìn méyọ̀ tó tẹ̀ lé e gbé fọ́tò òpópónà wa jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó yin àwọn òṣìṣẹ́, kò sì sọ pé ìròyìn kan ti kọ́kọ́ parọ́ nípa ibẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ìlà àtijọ́ sí méjì: èyí tí wọ́n tún ṣe, àti èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Èyí tí wọ́n pè ní aláìlábùkù ṣì wà lára àwọn tí wọ́n tún ṣe, mo sì ti ń kọ lẹ́tà mìíràn lórí ìyẹn.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ohun tí mo lè sọ láti inú tèmi ni pé kí ẹ má ṣe kọ iná mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ọ̀wọ́ kan ti kú láti òpó báyìí sí òpó báyìí, kí wọ́n lè rán àwọn oníṣẹ́ wáyà. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń san owó iná, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìròyìn méyọ̀ tó jáde lọ́sẹ̀ tí ẹ kọ̀wé, torí pé wọ́n máa ń tún un kọ lẹ́yìn. Ẹ má sì lọ bú méyọ̀ ní gbangba. Àwọn aládùúgbò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fún ọ́fíìsì náà láǹfààní láti dáhùn èébú dípò ìbéèrè. Kìkì ibi tí ẹ kò ti gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí foọ̀mù rárá ni bí ilẹ̀kùn kékeré tó wà nísàlẹ̀ òpó bá ti ṣí, tí wáyà sì hàn síta: ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn láti máa lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi dé.