Wíwọ Lolita nígbà ọyẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́

Lolita ni irú ìmúra kan láti Jàpáànù, tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń ṣù jáde bí agogo. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè mú èèyàn gbọ̀n, ṣùgbọ́n kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, òógùn ti bò ó. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń di kóòtù nípọn lé Lolita nígbà òtútù ní Jàpáànù kò bá wa mu. Aṣọ tó ṣeé bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan la nílò: síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lábẹ́, búláòsì ọlọ́wọ́ gígùn, gáùn aláìlápá, súwẹ́tà kúkúrú tó mọ ní ìbàdí. Súwẹ́tà tó bá kọjá ìbàdí á tẹ yẹ̀rì abẹ́ (èyí tí wọ́n fi néètì rán láti gbé gáùn sókè) mọ́lẹ̀, gáùn á sì rọ̀ wọlẹ̀ bí àpò òfìfo.

Yẹ̀rì abẹ́ yìí gan-an ló ń dani láàmú jù lásìkò ọyẹ́. Tí néètì bá ń ha mọ́ ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù, iná mànàmáná kéékèèké á kó jọ, atẹ́gùn gbígbẹ ò sì ní ọ̀rinrin tó máa gbé e lọ. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ itan, á máa ta pàrà-pàrà bí ẹ bá ń bọ́ ọ. Ní Àjàṣẹ́ kì í le tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀sà wà nítòsí. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó wọra (bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kó ọ̀rá bá ìbọ̀sẹ̀), kí ẹ wá wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú. Tí gáùn bá ṣì ń lẹ̀, ẹ fi háńgà onírin fa inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ lè rán yẹ̀rì náà fúnra yín. Fún síkẹ́ẹ̀tì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 55, ẹ jẹ́ kó mọ ní 50, kí etí rẹ̀ má bàa yọ síta. Ìpele àkọ́kọ́, tó jẹ́ aṣọ òwú, fẹ̀ ní mítà 1.5, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Èkejì, néètì líle, mítà 3, sẹ̀ǹtímítà 17. Ẹ̀kẹta, néètì bákan náà, mítà 6, sẹ̀ǹtímítà 13. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un níbi tí ojú rírán bá wà, àti 3 lókè pátápátá fún rọ́bà. Ìlọ́po méjì yẹn ló ń gbé aṣọ dúró. Ẹ má ṣahun néètì. Ẹ gán etí òkè rẹ̀ ní ìlà méjì tó jìnnà síra díẹ̀, kí ẹ fa òwú rẹ̀ kó ká jọ dé ìwọ̀n ìpele tó wà lókè rẹ̀. Ẹ pín mítà 6 yẹn sí mẹ́rin, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òwú á já nígbà tó bá ku díẹ̀ kó parí. Ẹ fi aṣọ òwú tẹ́ inú, torí etí néètì ń họ ara, ó sì ń fa ìbọ̀sẹ̀ ya.

Tí ẹ bá fẹ́ gun zẹ́mì (ọ̀kadà), ẹ bọ́ yẹ̀rì sínú àpò, ṣòkòtò kékeré abẹ́ gáùn ti tó. Néètì kì í pẹ́ yọ́ tó bá kan páìpù èéfín, táyà ẹ̀yìn sì lè ká a mọ́ra.

Eruku ńkọ́? Aṣọ dúdú ni eruku ọyẹ́ ń hàn lára rẹ̀ jù. Ti aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti wàrà ló ń bò ó. Ẹ má ṣe bu omi lé eruku pupa ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ló máa dà nínú léèsì. Ẹ gbọ̀n ọ́n níta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ sá a sínú ilé, inú síta, torí eruku míì á lẹ̀ mọ́ aṣọ tútù tó bá wà níta. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́ gbẹ. Yẹ̀rì ní tiẹ̀, ẹ fi pín-ìnnì gbé e kọ́ ní ìdoríkodò, kí néètì rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ dọ̀la.