Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Sọ Ìtàn Ulrike Meinhof Láì Bù Mọ́ Ọn, Láì Yọ Níbẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn Ulrike Meinhof, akọ̀ròyìn ará Jámánì tó wà lára àwọn tó dá RAF (Red Army Faction) sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn àti bọ́ǹbù bá ìjọba jà, yálà ní kíláàsì ni o àbí nínú fídíò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́ǹbù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó yé àwọn tó ń gbọ́.

Ẹ mú un látìlẹ̀. October 7, 1934 ni wọ́n bí i nílùú Oldenburg ní Jámánì, bàbá ẹ̀ kú ní 1940, ìyá ẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1949, Renate Riemeck tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ẹ̀ ló gbà á tọ́. Akọ̀ròyìn ni, ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní konkret ló ń kọ̀wé fún, ó tiẹ̀ ṣe olóòtú àgbà níbẹ̀, ó sì ń bá ìjọba wí lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì àti ogun Vietnam. Ìyá ìbejì ni, ó bí wọn ní 1962, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí, wọ́n fi irin kékeré kan síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé irin yẹn.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ sí May 14, 1970. Andreas Baader, tí òun náà wà lára àwọn tó dá RAF sílẹ̀, wà lẹ́wọ̀n torí iná tí wọ́n sọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Frankfurt, wọ́n mú un wá sí ibi ìkàwé kan ní Berlin torí wọ́n ní òun àti Ulrike jọ fẹ́ kọ̀wé, làwọn tó wá gbà á sílẹ̀ bá yọ ìbọn, ìbọn ba òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, Georg Linke, ó ṣèṣe gan-an, Ulrike náà bá fò gba ojú fèrèsé sá lọ pẹ̀lú wọn. Ẹ dárúkọ Linke o! Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá sọ ọ́ bí eré sinimá, tí ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Bákan náà ni ti bọ́ǹbù May 1972 tí ẹgbẹ́ wọn, RAF, jù ní Frankfurt, Heidelberg àti láwọn ibòmíì, èèyàn mẹ́rin ló kú, ẹ kà wọ́n.

June 15, 1972 lọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Langenhagen, ẹ̀gbẹ́ Hannover. Ó lóun ò ní sọ ẹni tóun jẹ́, wọ́n bá ya x-ray orí ẹ̀, irin ọjọ́sí ló tú u fó.

Ibi ẹ̀wọ̀n yìí lẹ ti máa fara balẹ̀. Ẹ pa gbogbo ariwo, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀wọ̀n Ossendorf ní Cologne, òun nìkan ni wọ́n tì mọ́ apá ibì kan, ògiri ẹ̀ funfun, kò gbóhùn èèyàn, ó sì lé lóṣù méje tó fi wà bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ló dà bíi pé orí òun fẹ́ bẹ́. Tẹ́nì kan bá ní kí lẹ̀ ń káàánú ẹ̀ fún, ẹ sọ fún un pé ẹ ò gbàgbé àwọn tó kú, ṣùgbọ́n ìyà yẹn náà ṣẹlẹ̀.

November 1974, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 8 torí bí wọ́n ṣe gba Baader sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, oṣù yẹn náà ni Holger Meins tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ febi pa ara ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹjọ́ bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ ní Stammheim, nílùú Stuttgart, ní May 1975, nínú kọ́ọ̀tù tí wọ́n dìídì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò rí ìparí ẹ̀. May 9, 1976, wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú yàrá ẹ̀wọ̀n ẹ̀, ẹni ọdún 41 ni. Níbí, ẹ ṣọ́ ẹnu yín: ìjọba ní ó fi táwẹ̀lì tó ya pokùnso ni, àwọn kan láti ìlú òkèèrè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n láwọn ò gbà. Ẹ sọ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn o. Ní 2002 ló hàn sáyé pé àwọn dókítà ti yọ ọpọlọ ẹ̀ pamọ́ látọjọ́ tó ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ẹ̀ ló pariwo ẹ̀ síta. December ọdún yẹn ni wọ́n tó sin ọpọlọ náà sí Berlin, ọdún 26 lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyókù ara ẹ̀.